Orí Keje: Kí Ló Mú Òfin Gbà Kí Ilé Onígi Ga?

Nínú ọgbà Yunifásítì British Columbia, nílùú Vancouver ní Kánádà, ilé kan wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ju 400 lọ ń gbé. Brock Commons ni wọ́n ń pè é. Àjà 18 ni, ó ga tó mítà 53, ọdún 2017 ni wọ́n sì parí rẹ̀. Àjà ìsàlẹ̀ pátápátá jẹ́ kọ́ńkéré, bẹ́ẹ̀ náà ni ihò méjì tí àtẹ̀gùn àti lífítì gbà gòkè. Àjà 17 tó kù, igi ni òpó wọn, igi ni ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀.

Bí iná bá sọ níbẹ̀ ńkọ́? Ìbéèrè tó máa kọ́kọ́ wá sọ́kàn ẹnikẹ́ni nìyẹn, òun náà sì ni òfin ìkọ́lé ti ń béèrè fún ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́ta ó lé. Ìdáhùn kan ṣoṣo ni òfin ní láyé àtijọ́: ẹ má jẹ́ kí igi ga. Kí wọ́n tó lè kọ́ Brock Commons, ìjọba ìpínlẹ̀ British Columbia ní láti ṣe òfin àrà ọ̀tọ̀ fún ilé kan yẹn nìkan, torí àjà mẹ́fà ni òfin wọn mọ fún ilé gbígbé onígi nígbà náà. Ṣáájú ọdún 2009, mẹ́rin péré ni. Nínú orí yìí, a óò tọpinpin bí wọ́n ṣe kúrò ní mẹ́rin dé mẹ́fà, àti bí àwọn míì ṣe ti mẹ́fà bọ́ sí 18. Ọ̀nà méjèèjì jìn síra wọn ju bí èèyàn ṣe lè rò lọ.

Ẹ̀rù tó ba òfin kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1666, iná jó London fún ọjọ́ mélòó kan, ó sì run ilé tó lé ní 13,000. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ṣòfin pé bíríkì tàbí òkúta ni kí wọ́n máa fi mọ ògiri ìta ilé. Chicago jó ní 1871. San Francisco jó ní 1906 lẹ́yìn tí ilẹ̀ mì. Ilé fara ti ilé láwọn ìlú wọ̀nyí, omi kò tó, ohun èlò tí panápaná ní kò jẹ́ nǹkan. Nírú àkókò bẹ́ẹ̀, ọ̀nà tó yá jù láti dáàbò bo ará ìlú ni pé kí òfin wo ohun tí wọ́n fi kọ́lé, kó sì ka àjà. Bó bá jẹ́ igi, iye báyìí ni kó mọ. Bó bá jẹ́ kọ́ńkéré, ó kù sọ́wọ́ onílé.

Irú òfin yẹn rọ òṣìṣẹ́ ìjọba lọ́rùn. Á yọjú sí ilé, á ka àjà, á bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n òfin náà kò béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an nígbà tí iná bá wọ yàrá. Irú òfin míì wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ ló ń béèrè. Wákàtí mélòó ni òpó yìí máa fi dúró nínú iná kó tó yẹ̀? Ìṣẹ́jú mélòó ni ògiri yìí máa fi dá iná dúró kó tó ráàyè wọ yàrá kejì? Àkókò tí nǹkan lè lò nínú iná láìwó, tí kò sì jẹ́ kí iná kọjá, ni a óò máa pè ní ìfaradà-iná. Nígbà tí òfin bá ti ń ka ìfaradà-iná, ọ̀rọ̀ igi tàbí irin á di ọ̀rọ̀ kejì, níwọ̀n ìgbà tí ilé bá dúró pẹ́ tó kí àwọn tó wà lókè sọ̀ kalẹ̀, kí panápaná sì gòkè. Ìbéèrè tí òfin ń béèrè ló yí padà. Àwọn tó ń sọ pé ńṣe ni òfin kàn dẹwọ́ fún àwọn oníṣòwò pákó kò tíì ka gbogbo rẹ̀ tán.

Oríṣi ilé onígi méjì ló wà, ó sì yẹ ká yà wọ́n sọ́tọ̀ kó má di pé à ń da ọ̀rọ̀ wọn pọ̀. Èkíní ni ilé eegun-pákó. Wọ́n á na pákó tẹ́ẹ́rẹ́ ró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, irú tú-báì-fọ́ọ̀ tí àwọn káfíńtà wa ń lò sí òrùlé, wọ́n á kan pláíwúùdù mọ́ ọn lójú, wọ́n á wá fi páálí jípúsọ̀mù bo inú. Bí ọ̀pọ̀ ilé ní Amẹ́ríkà àti Kánádà ṣe rí nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹbí ní Houston tàbí Maryland, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ irú rẹ̀ ni wọ́n ń gbé. Èkejì ni ilé ìtì-igi, tí òpó rẹ̀ àti ilẹ̀ àjà rẹ̀ jẹ́ igi kíki tó nípọn. Eegun-pákó ló ti mẹ́rin dé mẹ́fà. Ìtì-igi ló dé 18.

Oṣù kẹrin ọdún 2009 ni British Columbia fún eegun-pákó láyè láti ga dé àjà mẹ́fà. Ká má tan ara wa jẹ, sáyẹ́ǹsì nìkan kọ́ ló ti òfin yẹn lẹ́yìn. Kòkòrò kan tó ń jẹ igi páìnì ti pa igbó rẹpẹtẹ ní ìpínlẹ̀ náà, igi tó ti kú wà nílẹ̀ tí wọ́n ń wá ọjà fún, lọ́dún yẹn kan náà sì ni ìjọba ṣe òfin míì pé igi ni kí wọ́n kọ́kọ́ rò nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fi owó ìlú kọ́lé. Àwọn tó ń ta kọ́ńkéré ò dákẹ́ o. Ṣùgbọ́n òwò lè ti òfin síwájú, kò lè gbé ilé dúró. Ohun mẹ́ta ni àwọn ẹnjiníà ní láti yanjú: iná, ìmìtìtì ilẹ̀, àti ìkẹta tí ẹni tí kì í ṣe mọlémọlé kò ní rò rárá, pé igi máa ń súnkì.

Ẹ jẹ́ ká ti orí ìsúnkì bẹ̀rẹ̀, torí òun ló dùn mọ́ èmi jù. Ara igi jẹ́ ọ̀kẹ́ àìmọye ihò tín-ín-tín-ín tó tò láti ìdí lọ sí orí. Bí omi ṣe ń kúrò lára igi, ògiri àwọn ihò yìí ń fẹ́lẹ́ sí i, gígùn wọn kì í sì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà. Ìdí nìyẹn tí pákó fi ń tín-ín-rín bó bá gbẹ, tí kì í sì í kúrú. Pákó tó dúró lóòró kò wá ní wàhálà. Èyí tó dùbúlẹ̀ ni ká máa wò: pákó tó wà lábẹ́ ògiri àti èyí tó wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú àwọn tó gbé ilẹ̀ àjà ró. Bí a bá kó èyí tó dùbúlẹ̀ ní àjà kan jọ, nínípọn rẹ̀ lè tó sẹ̀ǹtímítà 30. Láàárín ọjọ́ tí wọ́n kàn án àti ìgbà tí ooru inú ilé bá gbẹ ẹ́ tán, àjà náà lè fi mìlímítà méje tàbí mẹ́jọ lọ sílẹ̀. Nílé alájà méjì, ta ni yóò mọ̀? Nílé alájà mẹ́fà, orí ilé ti fi bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin sọ̀ kalẹ̀, bẹ́ẹ̀ ihò lífítì oníkọ́ńkéré tó wà láàárín rẹ̀ kò mira. Ẹnu ọ̀nà lífítì àti ilẹ̀ àjà kò ní bára mu mọ́. Páìpù omi tó nà tàntàn láti ìsàlẹ̀ dókè á tẹ̀, á sì ya. Bí wọ́n bá fi bíríkì ṣe ojú ilé, fèrèsé tí wọ́n kàn mọ́ igi á máa wálẹ̀, bíríkì kò sì ní tẹ̀ lé e.

Ohun tí wọ́n ṣe sí i kò ní idán nínú. Igi tó ti gbẹ dáadáa ni kí wọ́n lò. Kí wọ́n fi irin gbé pákó ilẹ̀ kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, kí wọ́n yé tì í sáàárín ògiri ìsàlẹ̀ àti ti òkè. Kí páìpù ní oríkèé tó lè yẹ̀ díẹ̀ díẹ̀. Ibi tó ti wá ta kókó ni ibi tí ìsúnkì ti pàdé ìmìtìtì ilẹ̀. Agbègbè Vancouver jẹ́ ibi tí ilẹ̀ lè mì nígbàkígbà. Igi lọ́lá níbẹ̀, torí agbára tí ìmìtìtì fi ń gbá ilé ń tẹ̀ lé ìwúwo ilé náà, ìwúwo irú igi tí wọ́n ń lò kò sì ju bíi ìdá kan nínú márùn-ún ti kọ́ńkéré lọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìṣó tó wà lára ilé náà tún máa ń tẹ̀ díẹ̀ díẹ̀, wọ́n ń gba agbára náà sára. Ṣùgbọ́n bí ilé gíga bá fì sọ́tùn-ún, ẹ̀gbẹ́ òsì á fẹ́ gbéra nílẹ̀. Wọ́n wá ń na ọ̀pá irin láti ìpìlẹ̀ gba inú gbogbo àjà kọjá dé òkè, wọ́n sì ń fi nọ́ọ̀tì dè é ní àjà kọ̀ọ̀kan. Igi á súnkì, irin kì í súnkì. Nọ́ọ̀tì tí wọ́n dè pinpin lónìí á ti fi àyè sílẹ̀ láàárín ara rẹ̀ àti pákó lọ́dún tó ń bọ̀, ilé á sì ráàyè fò sókè kí irin tó gbá a mú. Ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i ni ohun èlò kékeré kan tó ní sípíríìn nínú, tó ń tẹ̀ lé igi wálẹ̀ bó ṣe ń súnkì, tí kì í sì í padà sókè. Èèyàn kì í gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu olóṣèlú, síbẹ̀ òun wà lára ohun tó jẹ́ kí àjà karùn-ún àti ìkẹfà ṣeé kọ́.

Ní oṣù keje ọdún 2009 kan náà, wọ́n gbé ilé eegun-pákó alájà mẹ́fà sórí pèpéle tí wọ́n fi ń mi ilé ní ìlú Miki ní Japan, wọ́n sì mì ín bí ilẹ̀ ṣe mì ní Northridge ní California lọ́dún 1994, àní jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò wó. Páálí jípúsọ̀mù tó sán ló pọ̀ jù nínú ohun tó bàjẹ́ lára rẹ̀.

Páálí yìí náà ló ń gba eegun-pákó lọ́wọ́ iná. Jípúsọ̀mù ni wọ́n fi ń ṣe POP tó wà lókè pálọ̀ ọ̀pọ̀ ilé. Bí èèyàn bá fọwọ́ kàn án, gbígbẹ ni, ṣùgbọ́n omi so mọ́ ara rẹ̀ gan-an, tó bíi ìdá kan nínú márùn-ún ìwúwo rẹ̀. Nígbà tí iná bá dé, ooru ní láti kọ́kọ́ sọ omi yìí di oru kó sì lé e jáde, níwọ̀n ìgbà tí omi bá ṣì ń jáde, ẹ̀yìn páálí kì í fi bẹ́ẹ̀ gbóná ju omi híhó lọ. Bí wọ́n bá lẹ páálí méjì pọ̀, ìfaradà-iná á tún gùn sí i. Òfin fi ẹ̀rọ afọ́nmi kún un: ìgò kékeré kan tí omi kẹ́míkà wà nínú rẹ̀ ló dí ẹnu rẹ̀, ìgò náà á fọ́ bí ooru bá tó bíi 68°C, omi á sì tú jáde. Èyí tó wà lókè iná nìkan ló máa ń fọ́, gbogbo ilé kì í rin gbingbin bí a ṣe ń rí i nínú fíìmù.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2011, ilé alájà mẹ́fà tó yẹ kó wà lára àwọn àkọ́kọ́ lábẹ́ òfin tuntun náà jó nílùú Richmond, lẹ́bàá Vancouver. Wọn ò tíì parí rẹ̀. Eegun rẹ̀ ṣì wà níta gbangba láìsí ohun tó bò ó. Àwọn alátakò ní ṣebí àwọn wí bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, iná yẹn kò sọ pé ilé onígi tó ti parí léwu. Ohun tó sọ ni pé ọjọ́ tí ilé onígi léwu jù ni ọjọ́ tí wọ́n ṣì ń kàn án lọ́wọ́, tí páálí àti omi kò tíì dé. Ohun tí òfin àtijọ́ kò rò nìyẹn, bó ti wù kó le tó.

Ó wá ku ìtì-igi. Láàárín ọdún 1990 sí 1999, àwọn olùwádìí ní Austria àti Jámánì, tí Gerhard Schickhofer ti ìlú Graz wà lára wọn, ń ṣiṣẹ́ lórí irú pákó kan. Wọ́n á to pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n á fi àtè pa á, wọ́n á to òmíràn dábùú rẹ̀, wọ́n á tún to òmíràn dábùú ìyẹn, títí á fi di ìpele mẹ́ta, márùn-ún tàbí méje, wọ́n á wá tẹ̀ ẹ́ mọ́ra. A óò pè é ní pákó adábùú. Nítorí pé ìpele kọ̀ọ̀kan nà sí ọ̀nà tó yàtọ̀, èyí tó fẹ́ súnkì kò ráàyè, torí gígùn èkejì ti dì í mú. Ẹ̀là kan lè fẹ̀ tó ògiri yàrá kan tán. Igi àlẹ̀pọ̀ ni ìbátan rẹ̀: pákó inú tirẹ̀ kọjú síbì kan náà, òun ni wọ́n fi ń ṣe òpó. Ní Brock Commons, irin kan ló so òpó ìsàlẹ̀ mọ́ òpó òkè tààrà, kí ìwúwo má bàa gba inú ilẹ̀ àjà tó dùbúlẹ̀ kọjá. Wọ́n gé gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò sì tó 70 ọjọ́ tí wọ́n fi tò ó dé òkè.

Ní ti iná, ẹ rántí bí igi ṣe ń ṣe nínú àárò. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ á jó lójú ẹsẹ̀. Ìtì gbọ̀ngbọ̀n kan ṣoṣo, bí ẹ bá kó èyí tó yí i ká kúrò, iná ara rẹ̀ á kú, á ku dúdú lójú. Bí ẹ bá wá fi ìtì kejì kọjú sí i, méjèèjì á máa dáná fún ara wọn. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí: kì í ṣe igi fúnra rẹ̀ ló ń jó ní ọwọ́ iná tí à ń rí. Ooru ló ń fọ́ igi sí gáàsì, gáàsì yẹn ló ń jó, èédú ni ó sì ń fi sílẹ̀. Èédú kún fún ihò, ooru kì í tètè gbà á kọjá. Níbi tí èédú ti pàdé igi, ooru ibẹ̀ tó bíi 300°C. Bí ẹ bá tún wọnú igi lọ ní bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin, ibẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ pé iná ń jó níta. Èédú ń wọlé lọ ní ìwọ̀n tí a lè ṣírò, bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin láàárín wákàtí kan. Bí ẹnjiníà bá fẹ́ ìfaradà-iná wákàtí méjì, á ṣírò òpó tó lè gbé ilé, á sì fi ẹran-ara tí iná máa jẹ kún un yíká. Irin kì í jó, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bí ooru bá ti ń sún mọ́ 600°C, irin tí wọn ò bo ti pàdánù bíi ìdajì agbára rẹ̀, ó sì lè tẹ̀ láìkìlọ̀ fẹ́nì kan.

Ìṣírò yẹn dára lórí ìwé. Nínú iná gidi, àtè da ìṣírò rú. Nínú àwọn àyẹ̀wò kan, ooru rọ àtè kí èédú tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìpele ìta ṣí bọ́ sílẹ̀, igi tí kò tíì jó sì yọjú síta. Iná tó ti ń kú tún gbérí. Èmi rò pé ìṣòro yìí ló yẹ kí àwọn tó ń polówó ilé onígi máa kọ́kọ́ sọ, wọn kì í sì í sọ ọ́. Lọ́dún 2018, ìlànà tí wọ́n fi ń ṣe pákó adábùú ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, PRG 320, yí padà: àtè tí kò bá la àyẹ̀wò iná inú yàrá já kò gbọ́dọ̀ wọnú rẹ̀ mọ́.

Àjọ tó ń kọ òfin ìkọ́lé àwòṣe fún Amẹ́ríkà, International Code Council, ti gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú ìgbà náà. Ní 2017 wọ́n kọ́ ilé alájà méjì láti dáná sun ún nínú ilé ìwádìí iná ìjọba àpapọ̀ ní Beltsville, ní Maryland. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni wọ́n dáná sí i, pẹ̀lú àga, ibùsùn àti kọ́bọ́ọ̀dù nínú yàrá. Níbi tí páálí ti bo gbogbo igi, ẹrù inú yàrá jó tán, iná sì kú. Wọ́n dán èyí tí apá kan igi rẹ̀ wà níta wò. Wọ́n tún dán èyí tí gbogbo igi rẹ̀ wà níta wò pẹ̀lú ẹ̀rọ afọ́nmi, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ dá omi dúró nínú ọ̀kan kó lè pẹ́ kó tó tú.

Òfin tó jáde nínú ìwé òfin àwòṣe wọn ti ọdún 2021 tẹ̀ lé ohun tí wọ́n rí. Ilé ìtì-igi lè ga dé àjà 18, ṣùgbọ́n páálí gbọ́dọ̀ bo gbogbo igi inú rẹ̀, òpó rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ní ìfaradà-iná wákàtí mẹ́ta. Àjà 12 lè fi díẹ̀ nínú igi rẹ̀ síta. Àjà mẹ́sàn-án lè fi èyí tó pọ̀ jù síta, kìkì pé kò gbọ́dọ̀ ga ju bíi mítà 26 lọ. Ilé tó bá ga kọjá ìwọ̀n kan nínú wọn gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ afọ́nmi tó ń gba omi láti páìpù ìlú méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bí ọ̀kan bá bẹ́, èkejì wà. Ọ̀kan nínú àwọn àṣẹ rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù: bí ilé náà bá máa ga ju àjà mẹ́fà lọ, wọn kò gbọ́dọ̀ kàn án kọjá àjà mẹ́rin lórí ibi tí páálí dé. Ẹni tó bá rántí Richmond mọ ohun tí wọ́n ń sá fún.

Ìpínlẹ̀ Oregon àti ìpínlẹ̀ Washington kò dúró de ìwé náà kí wọ́n tó tẹ́wọ́ gbà á. Ní Milwaukee, ilé kan tí wọ́n ń pè ní Ascent tilẹ̀ kọjá òfin tuntun: àjà 25 ni, 19 nínú rẹ̀ jẹ́ igi lórí mẹ́fà oníkọ́ńkéré, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 2022. Kí ìlú tó gbà, wọ́n gbé òpó igi àlẹ̀pọ̀ sínú iná fún wákàtí mẹ́ta nínú ilé ìwádìí igi ìjọba ní Madison.

England gba ọ̀nà tirẹ̀. Ní Hackney ní London, níbi tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí, ilé alájà mẹ́sàn-án kan wà ní Murray Grove láti 2009, tí ògiri, ilẹ̀ àjà àti ihò lífítì rẹ̀ jẹ́ pákó adábùú láti àjà kejì lọ sókè. Òfin ibẹ̀ ti ń béèrè iṣẹ́ ṣáájú àwọn ará Amẹ́ríkà. Nígbà tó di oṣù kẹfà ọdún 2017, ilé gogoro Grenfell ní London jó, èèyàn 72 kú. Ike tó wà nínú ìbora alumíníọ́mù tí wọ́n fi wọ ilé náà láṣọ ló gbé iná gòkè. Kò sí ìtì-igi níbẹ̀. Síbẹ̀, òfin tó dé ní ìparí 2018 ní ohunkóhun tó bá lè jó kò gbọ́dọ̀ sí nínú ògiri ìta ilé gbígbé tó ga ju mítà 18 lọ, kò sì ya igi sọ́tọ̀ kúrò lára ike. Mo rò pé wọ́n padà síbi kíka ohun èlò. Mi ò bá wọn jà: ìjọba tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin èèyàn 72 kò lè máa ṣàlàyé ìyàtọ̀ àtè fáráyé.

Èyí tí wọ́n ṣì ń jiyàn lé lórí ni iye igi tó lè wà níta láìbò. Ayálégbé fẹ́ràn láti máa rí igi, kò sẹ́ni tó fẹ́ sanwó igi kó máa wo páálí. Ògiri onígi méjì tó kọjú síra ń ṣe bíi ti ìtì méjì inú àárò, ìdí nìyẹn tí òfin àjà 12 fi ní kí àyè bíi mítà mẹ́rin àbọ̀ wà láàárín igi ìta kan àti èkejì. Òkè yàrá yàtọ̀ sí ògiri: kò kọjú sí igi míì, bí ẹrù bá jó tán, iná ara rẹ̀ á kú, bí àtè bá dára. Nínú ìwé 2021, ìdá kan nínú márùn-ún òkè yàrá nìkan ni wọ́n lè fi sílẹ̀ láìbò nínú ilé alájà 12. Lẹ́yìn àyẹ̀wò míì tí wọ́n ṣe ní Sweden pẹ̀lú àtè tuntun, ìwé 2024 gbà kí wọ́n fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀rù tó ṣì ń ba àwọn panápaná ni iná tó ń rún lábẹ́lẹ̀ láàárín ìpele pákó lẹ́yìn tí ọwọ́ iná ti kú, tó jẹ́ pé wọ́n ní láti dúró ti ilé náà pẹ̀lú kámẹ́rà tó ń rí ooru, kí wọ́n máa fọ́n omi sí ibi tó bá ṣì ń gbóná.